Òjìji Ni Ẹlẹ́rìí

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú lò bí ohun tí ènìyàn ń wá bá wà níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, tí ojú kò sì lè tó. Kí ni kí ẹni tí ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe? Ṣé kí ó fi ìròyìn mọ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kí ó wá ẹlẹ́rìí mìíràn tí yóò dúró ní ipò ojú? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Charbonneau nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń lọ sópin. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni. Ní ọdún 1999, ó jẹ́ ọmọ ọdún bíi 25, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí ó ń wá ni ayé mìíràn tí ń yí oòrùn mìíràn po.

Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ń tàn lójú ọ̀run lóru, oòrùn ni. Ọ̀nà jíjìn ni ó sọ ọ́ di kékeré lójú ẹni. Bí oòrùn tiwa bá sì ní àwọn ayé tí ń yí i po, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì, tí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí Àgùàlà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ajá òṣùpá náà jẹ́ ọ̀kan, kí ni yóò dí àwọn oòrùn yòókù lọ́wọ́ láti ní tiwọn? Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń béèrè èyí, ìdáhùn ni kò sí. Ìdí rẹ̀ ni pé pílánẹ́ẹ̀tì kì í tàn bí ìràwọ̀. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ bá tàn sí i lára ni ó ń dá padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó dúró sí òkèèrè réré ní òru, tí ó ń wá kòkòrò kékeré kan tí ń fò yí iná ọkọ̀ ká. Iná náà ni yóò rí. Kòkòrò kò ní í hàn sí i rárá.

Ní ọdún 1952, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ Otto Struve kọ àpilẹ̀kọ kúkurú kan lórí ọ̀ràn yìí. Ó ní bí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá kan bá súnmọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ gan-an, ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìràwọ̀ náà yóò máa mì síwá sẹ́yìn; bí pílánẹ́ẹ̀tì náà bá sì gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà yóò dín kù díẹ̀. Àwọn tí ó kọbi ara sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ta ni yóò gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì ńlá lè súnmọ́ oòrùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí Júpítà, tí ó tóbi jù lọ nínú tiwa, jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń lo nǹkan bí ọdún 12 kí ó tó yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ọdún 43 kọjá. Ní ọdún 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kéde pé ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ 51 Pegasi ń mì, àti pé ohun tí ń mì ín ń yí i po ní ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀ péré. Nítorí iṣẹ́ yìí ni a ṣe fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Báwo ni ìràwọ̀ ṣe ń mì? Bàbá tí ó di ọmọ rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, tí ó ń fi í yí ká nínú àgbàlá, kì í dúró gbọnyin. Bí ọmọ ti ń fò yí po ni bàbá pẹ̀lú ń fà sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ìràwọ̀ ni bàbá, pílánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a yẹ̀ díẹ̀ sí apá kan. Bí ó bá ń padà lọ, a yẹ̀ sí apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ohùn fèrè ọkọ̀ ti máa ń ga nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, tí ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ó bá ti kọjá tán. Ẹni tí kò tilẹ̀ rí ọkọ̀ lè fi etí mọ̀ pé ó ń bọ̀ tàbí pé ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ni èyí. Kò tíì di àfojúbà. Àlàfo méjì ni ó sì wà nínú ìròyìn náà. Èkíní ni pé mímì ìràwọ̀ kì í sọ bí ipa ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ ṣe dagun sí. Bí ipa ọ̀nà náà bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ wá, ìwọ̀n tí ìṣirò bá mú jáde ni ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Bí ó bá kọjú sí wa bí ojú àwo, ohun náà lè wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìràwọ̀ kékeré kan, kí ó má jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì rárá. Èkejì burú ju èkíní lọ. Ní ọdún 1997, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Kánádà kọ ọ́ pé kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 51 Pegasi; ó ní ara ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ń ru tí ń sọ̀, tí ó fi dà bí ẹni pé ó ń mì. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, gbogbo àwọn ayé tuntun tí àwọn ènìyàn ti ń kà láti ọdún 1995 lè di àlá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí ó ti tún wọn ìmọ́lẹ̀ náà dáadáa, onímọ̀ náà fi òtítọ́ inú kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀ iyèméjì dà bí èéfín: iná lè kú kí èéfín rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ.

Inú irú àkókò yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń wí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá. Òun àti àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ fi awò awọ̀nàjíjìn Keck, tí ó wà lórí òkè ní Hawaii, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 10, wo ìràwọ̀ kan tí ń jẹ́ tau Boötis. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan ń mi ìràwọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ ṣa ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí pílánẹ́ẹ̀tì náà ń dá padà kúrò lára ìmọ́lẹ̀ ńlá ti ìràwọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ìrẹsì. Wọn kò rí i. Ohun tí wọ́n lè kọ sínú ìwé ní ọdún 1999 kò ju pé bí ó bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dá padà kò tó iye báyìí. Ẹni tí ó lọ sí odò tí kò rí ẹja pa, ṣùgbọ́n tí ó mọ bí odò ti jìn tó, kò padà sílé ní ọwọ́ òfo pátápátá. Síbẹ̀, ẹja kọ́ ni ó gbé wálé.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá wá jẹ́rìí, òjìji ńkọ́? Ọ̀nà kejì tí Struve sọ ni ó kù. Àwọn tí ó wà ní ìta ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọdún 2006, nígbà tí òjìji òṣùpá gba orí Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá, mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ohun dúdú kan bá wá sí àárín ẹni àti oòrùn. Òṣùpá súnmọ́ wa, nítorí náà ó lè bo oòrùn lójú tán. Ṣùgbọ́n Àgùàlà, tí ó jìnnà sí wa, gba ojú oòrùn kọjá ní ọdún 2004 àti ní ọdún 2012, kò sì hàn ju àmì dúdú kékeré kan lọ. Oòrùn kò ṣókùnkùn. Ó kàn dín díẹ̀ tí ojú lásán kò lè mọ̀. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí ìlà ojú rẹ̀ bá gún régé, tí ohun èlò rẹ̀ sì mú ṣáṣá, ìdínkù kékeré yẹn ni yóò fi mọ̀ pé Àgùàlà wà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlà ojú gbọ́dọ̀ gún. Bí ipa ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì bá dagun ju bí ó ti yẹ lọ, òkè tàbí ìsàlẹ̀ ìràwọ̀ ni yóò máa gbà kọjá, òjìji rẹ̀ kò sì ní í kàn wá láé. Nínú pílánẹ́ẹ̀tì 10 tí ó súnmọ́ ìràwọ̀ wọn bí ti 51 Pegasi, nǹkan bí ẹyọ kan ṣoṣo ni ènìyàn lè retí pé yóò gba ojú ìràwọ̀ kọjá lójú wa. Fún ayé tí ó jìnnà sí oòrùn rẹ̀ tó bí tiwa yìí, ẹyọ kan nínú nǹkan bí 200 ni. Àwọn onímọ̀ ti ṣọ́ 51 Pegasi àti àwọn mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ wọn kò yẹ̀. Àwọn tí kò gbàgbọ́ sì lè béèrè pé: bí àwọn ayé wọ̀nyí bá wà lóòótọ́, èéṣe tí ẹyọ kan kò fi òjìji rẹ̀ hàn wá?

Charbonneau kó lọ sí ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Rocky, láti bá Timothy Brown ṣiṣẹ́. Brown ti ní awò kan níbẹ̀ tí a ṣe fún ìwádìí òjìji pílánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ti rí Keck kò ní í ka awò yìí sí. Ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ìwọ̀n tí àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Awò ńlá ni ó yẹ fún wíwọn mímì ìràwọ̀. Láti mọ̀ bóyá ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa ń dín kù, awò kékeré tó, bí ẹni tí ó ń lò ó bá ní sùúrù, tí ó sì lè ráyè jókòó tì í ní alẹ́ púpọ̀. Àti pé ta ni yóò gba irú àyè bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nídìí awò mítà 10 tí gbogbo àgbáyé ń du?

Nínú ọdún 1999 yìí, àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí Mayor ní Geneva àti David Latham ní Harvard ti rí i pé ìràwọ̀ kan ń mì ní ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ mẹ́ta àbọ̀. Wọ́n fi han Brown àti Charbonneau. Ìràwọ̀ náà kò ní orúkọ gidi. Nọ́ńbà ni ó ń jẹ́, HD 209458. Ó wà láàrin àwọn ìràwọ̀ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì fi orúkọ ẹṣin abìyẹ́ wọn, Pegasus, pè. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n awò kékeré tí ènìyàn ń fi ọwọ́ mú lè rí i. Ó jọ oòrùn wa, ó kàn tóbi jù ú lọ díẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn nǹkan bí ọdún 160 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí ó wọ inú awò kékeré náà ní ọdún 1999 ti gbéra ní nǹkan bí ọdún 1840, ní sáà ogun Òṣogbo.

Iṣẹ́ náà kò ní ariwo nínú. Awò yóò dojú kọ apá kan ojú ọ̀run, yóò máa ya àwòrán ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà, wọn yóò sì fi wé ti àwọn ìràwọ̀ tí ó yí i ká. Ìfiwéra yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jà, gbogbo ìsọ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ kan ṣoṣo bá pa nígbà tí àwọn yòókù ń tajà, ẹ̀bi òjò kọ́. Bákan náà, bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, gbogbo àwọn ìràwọ̀ náà ni yóò dín kù pọ̀. Bí ẹyọ kan bá dá dín kù láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1999, HD 209458 dá dín kù láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra lọ sílẹ̀, ó dúró ní ìsàlẹ̀, ó sì tún rọra padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Iye tí ó dín kò tó 2 nínú 100. Bí fìtílà inú ilé bá dín ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi búra. Ohun èlò a máa ṣìnà, afẹ́fẹ́ a máa tan ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, ó tún ṣẹlẹ̀. Bí ó ti lọ sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ ni ó tún ṣe lọ sílẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó ní àkọ́kọ́ ni ó tún pẹ́ tó. Àárín ìdínkù méjèèjì jẹ́ ọjọ́ méje ó lé díẹ̀, ìyẹn ni ìlọ́po méjì ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ tí mímì ìràwọ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn pẹ̀lú wà lójú ọ̀nà. Geoffrey Marcy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi awò Keck rí mímì ìràwọ̀ kan náà lọ́tọ̀, láìgba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn ará ìhín. Wọ́n ránṣẹ́ sí Gregory Henry ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Tennessee ní ìlú Nashville, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 fún àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Henry ní àwọn awò tí ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn nínú aginjù Arizona. Ó pàṣẹ fún ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, pé kí ó ṣọ́ ìràwọ̀ náà ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá. Ní àkókò tí ìṣirò dá gan-an, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdínkù náà nìkan ni ó rí. Nínú oṣù yìí kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì kéde ohun tí wọ́n rí, ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan náà ni ó sì gbé àpilẹ̀kọ àwọn méjèèjì jáde ní oṣù kìíní, ọdún 2000. Ẹlẹ́rìí méjì tí kò gbìmọ̀ pọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kí ni òjìji náà sọ? Ohun kìíní tí ó sọ ni ìwọ̀n ara ohun tí ó jù ú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ya òbìrìkìtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100, tí ó sì ya òmíràn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12 sí inú rẹ̀, kí ó ṣe ìṣirò: 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144, 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000. Èyí kékeré yóò bo 144 nínú 10,000 ojú èyí ńlá, ìyẹn ni nǹkan bí 1.4 nínú 100. Ó súnmọ́ ohun tí àwọn olùṣọ́ ìràwọ̀ náà rí. Nítorí náà, ìbú pílánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ nǹkan bí 12 níbi tí ti ìràwọ̀ bá jẹ́ 100, ó sì fẹ̀ ju Júpítà lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun kejì ni pé òjìji kì í kọjá níwájú wa àfi bí ipa ọ̀nà náà bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ wá. Àlàfo àkọ́kọ́ dí: ìwọ̀n tí ìṣirò mú jáde ni ìwọ̀n rẹ̀ lóòótọ́, ó sì jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ti Júpítà. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ìràwọ̀ kékeré. Àlàfo kejì dí pẹ̀lú. Ara ríru ìràwọ̀ kò lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ohun kan gba iwájú kọjá. Mímì ni ó dá àkókò, òjìji ni ó sì pa àdéhùn náà mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ tó ọdún márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n mọ bí ó ti wúwo tó àti bí ó ti fẹ̀ tó, wọ́n lè mọ bí ara rẹ̀ ti ki tó. Àgbáyé kò tíì ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nípa pílánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn. Ó yani lẹ́nu. Ara rẹ̀ kò ki tó omi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti omi ni, bí igi fífúyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù kìlómítà 7 péré ni ó jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀, nígbà tí ayé tiwa jìnnà sí oòrùn ní mílíọ̀nù 150. Ooru ibẹ̀ ju ti iná alágbẹ̀dẹ tí ń yọ́ fàdákà lọ. Ó wú ju bí ìṣirò ti rò pé ó yẹ kí ó wú lọ, ohun tí ó mú un wú tó bẹ́ẹ̀ sì ṣì jẹ́ àríyànjiyàn láàrin àwọn onímọ̀ títí di òní.

Nígbà tí ìròyìn náà kàn káàkiri, àwọn kan rántí Hipparcos, awò tí àwọn ará Yúróòpù fi ránṣẹ́ sí òkè ọ̀run láti ọdún 1989 dé 1993 láti wọn ipò àwọn ìràwọ̀. HD 209458 wà nínú àwọn tí ó wọ̀n. Wọ́n tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n fi àkókò tuntun náà wá inú rẹ̀, wọ́n sì rí i: Hipparcos ti rí ìdínkù náà ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀? Nọ́ńbà díẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ láàrin àìmọye nọ́ńbà kò lè pe ara rẹ̀ ní òjìji. Ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun wò ni yóò dá a mọ̀. Àkọsílẹ̀ náà kò wá ṣòfò, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ iye àkókò ìyípo náà dé ibi tí ìṣọ́ oṣù díẹ̀ kò lè dé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi òjìji náà ní ìbéèrè sí i. Ní ọdún 2000, Brown, Charbonneau àti àwọn mìíràn fi awò Hubble wò ó nígbà mẹ́rin tí ó gba ojú ìràwọ̀ kọjá. Ní àkókò ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó bá gba inú eruku kọjá a máa yí àwọ̀ padà, ẹni tí ó bá sì wò ó yóò mọ̀ pé eruku wà lójú ọ̀run. Bákan náà, díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn ń gba inú afẹ́fẹ́ etí pílánẹ́ẹ̀tì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2001, wọ́n kéde pé àwọ̀ kan dín kù ju àwọn yòókù lọ, àwọ̀ tí sódíọ̀mù, tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, máa ń gbé mì. Ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí 2.3 nínú 10,000 lọ. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi Hubble rí i pé háídírójìn ń sá kúrò lára rẹ̀ lọ sínú òfuurufú. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń pè é ní Osiris, orúkọ òrìṣà àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n gé ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹjọ́ náà kò sì tíì parí. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan jiyàn pé yíyí tí ìràwọ̀ náà ń yí lórí ara rẹ̀ lè kọ irú àmì tí wọ́n pè ní ti sódíọ̀mù. Kò yẹ kí èyí dójú ti ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìí tí a kò lè tún pè padà sí ilé ẹjọ́ kọ́ ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù.

Ìmọ́lẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ wá tì ńkọ́? Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 2001, orí òjìji àti ìmọ́lẹ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì dá lé. Ó di olùkọ́ ní Harvard lẹ́yìn náà. Ní oṣù kẹta, ọdún 2005, àwọn ẹgbẹ́ méjì jùmọ̀ kéde pé àwọn ti rí ìmọ́lẹ̀ ooru pílánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn, irú èyí tí ojú kì í rí, nípa lílo awò Spitzer. Wọ́n wọn ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ẹ̀yìn ìràwọ̀, wọ́n tún wọ̀n. Ohun tí ó dín kù ni ti pílánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ kan wo HD 209458. Charbonneau ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ kejì, tí ó wo ìràwọ̀ mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ tí awò mítà 10 kò fi hàn án ní ọjọ́ sí, ẹ̀kọ́ tí òjìji kọ́ ọ ni ó fi rí i.

Ohun tí awò sẹ̀ǹtímítà 10 bẹ̀rẹ̀ ti di òpópónà ńlá. Awò Kepler, tí ó gbéra ní ọdún 2009 tí ó sì parí iṣẹ́ ní ọdún 2018, fi òjìji mọ pílánẹ́ẹ̀tì tí ó ju 2,600 lọ. Awò TESS gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, awò James Webb fi irú ọgbọ́n yìí rí afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí à ń mí síta nínú òfuurufú pílánẹ́ẹ̀tì ìràwọ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, iye àwọn ayé tí a ti fìdí wọn múlẹ̀ kọjá 6,000. Nàìjíríà pẹ̀lú ti bá wọn dé ibi ìsọmọlórúkọ: ní ọdún 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórúkọ, Nàìjíríà pe ìràwọ̀ tirẹ̀ ní Amadioha, ó pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Brown ni ó ní awò, Latham àti Mayor ni wọ́n mọ ìràwọ̀ tí ó yẹ kí a wò, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní sùúrù alẹ́ àti ìrora ìgbìyànjú tí ó ti kùnà. Àwọn tí ń múra ìdánwò a máa rò pé ìdáhùn tí kò bá jáde lẹ́ẹ̀kan kò sí mọ́. Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó fi awò tí ó tóbi jù lọ wá ìmọ́lẹ̀, kò rí i. Ó kọ ohun tí kò rí sílẹ̀ láìfi irọ́ bò ó. Lẹ́yìn náà ni ó lọ jókòó tì awò tí kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ kékeré lọ, tí ó ń ka ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. HD 209458 kò sì dẹ́kun. Ní ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ mẹ́ta àbọ̀, yálà ẹnì kan ń ṣọ́ ọ tàbí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ó sì ń padà sí ipò rẹ̀.